Lẹ́tà wa ń padà wá: kí ni ká ṣe sí àdírẹ́sì àwọn oníbàárà?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà ní iléeṣẹ́ wa. Lẹ́tà tí à ń fi ránṣẹ́ sí wọn ń padà wá gan-an. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a sanwó fún àwọn kan láti bá wa tún gbogbo àdírẹ́sì ṣe. Ó dára fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ó ti tún bàjẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n mú ọ̀kan nínú méjì: ká pe àwọn atúnṣe náà padà, tàbí ká kọ̀wé sí gbogbo oníbàárà pé kí wọ́n fi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́. Èwo ni kí n mú? Ẹ tún gbà mí nímọ̀ràn: bí ẹ̀ka iléeṣẹ́ méjì bá ní àdírẹ́sì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, ti ta ni kí n gbà gbọ́?"

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Kí n tó dé orí ohun méjì tí ọ̀gá yín gbé kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbọ́ nínú ìbéèrè yín. Lẹ́tà tó ń padà kọ́ ló ń dùn yín jù. Ohun tó ń dùn yín ni pé ẹ ti náwó sí i, ó dára, ó tún bàjẹ́, ó sì wá ń ṣe yín bíi pé àwọn tó tún un ṣe nígbà yẹn kàn fi nǹkan bò yín lójú ni. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má jẹ̀bi kankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí iṣẹ́ tí wọ́n gba owó wọn lọ, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni oníbàárà yín kan ń kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, tí òṣìṣẹ́ yín kan sì ń tẹ ojúlé 17 síbi tó yẹ kó tẹ 71.

Kí ló wá dé tó fi dà bíi pé ohun gbogbo dára fún ìgbà díẹ̀? Ọwọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí ènìyàn bá ti sọ fún wọn pé òun kó lọ, wọ́n á máa darí lẹ́tà First-Class rẹ̀, ìyẹn lẹ́tà ojoojúmọ́, lọ sí ilé tuntun fún oṣù 12. Láti oṣù 13 títí dé 18, wọn kò ní darí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ni wọ́n á dá a padà fún, wọ́n á sì lẹ àdírẹ́sì tuntun mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á kàn dá a padà ni, pẹ̀lú ìdí tí kò fi débi tó ń lọ. Ní Bìrìtéènì, ẹni tó kó lọ ló máa sanwó kí wọ́n tó máa darí lẹ́tà rẹ̀, bí àsìkò tó san owó fún bá sì pé, ó tán nìyẹn. Nítorí náà, oníbàárà tó kó lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn àtúnṣe yín lè máa rí lẹ́tà yín gbà fún odidi ọdún kan, kí ẹ má sì mọ̀ pé kò sí níbi tí ẹ kọ sórí àpòòwé mọ́. Àkọsílẹ̀ yín ti ń jẹrà láti ọjọ́ kìíní, kò kàn tíì rùn ni. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń padà wá sórí tábìlì yín báyìí, ti àwọn tó ti kó lọ tipẹ́ ni. Àwọn tó kó lọ lóṣù tó kọjá kò tíì sí nínú rẹ̀.

Àṣìyé kan tún wà tó ń ná àwọn iléeṣẹ́ lówó ju ohunkóhun lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n máa ń rò pé àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà bá ti ní ó péye ni oníbàárà ń gbé. Ọ̀tọ̀ ni tàkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni tìkejì. Àkójọ tí Royal Mail, ilé ìfìwéránṣẹ́ Bìrìtéènì, ń pè ní PAF, ibi tí a lè já lẹ́tà sí ló wà nínú rẹ̀: ojúlé, òpópónà, ìlú, kóòdù ìfìwéránṣẹ́. Orúkọ àwọn tó ń gbé inú ilé kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fi àkọsílẹ̀ yín wé irú àkójọ bẹ́ẹ̀, ó lè sọ fún yín pé ilé náà wà, pé kóòdù rẹ̀ bá a mu, pé ẹ kò ṣi orúkọ òpópónà kọ. Oníbàárà yín sì lè ti kúrò nínú ilé ọ̀hún láti ọdún mẹ́fà. Irú àkójọ kejì ni ti àwọn tó kó lọ. Ti Amẹ́ríkà ń jẹ́ NCOALink. Látinú ohun tí àwọn tó kó lọ fi ẹnu ara wọn sọ fún ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti ń kó o jọ, oṣù 48 ni wọ́n sì ń fi í pa mọ́ síbẹ̀. Ìyẹn ló lè sọ pé lágbájá ti kúrò níhìn-ín lọ sí ọ̀hún. Àmọ́ orúkọ àti àdírẹ́sì àtijọ́ ló fi ń dá ènìyàn mọ̀, méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ bára mu. Bó bá jẹ́ orúkọ ìnagijẹ lẹ kọ sílẹ̀, tàbí orúkọ bàbá obìnrin tó ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ, kò ní rí i. Ẹni tí kò bá sì sọ fún ilé ìfìwéránṣẹ́ rárá, kò sí nínú rẹ̀. Kí ẹ tó pe àwọn atúnṣe yẹn padà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi wọ́n: èwo nínú méjèèjì lẹ fi tún tiwa ṣe? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ nìkan, ilé ni wọ́n bá yín yẹ̀ wò, wọn kò wá ènìyàn kankan.

Ìgbà mìíràn wà tí oníbàárà kò kúrò lójú kan, tí àdírẹ́sì rẹ̀ sì yí padà. Lọ́jọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1993, Jámánì pààrọ̀ gbogbo kóòdù ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ láti nọ́ńbà mẹ́rin sí márùn-ún. Írẹ́lándì kò ní kóòdù tó kárí orílẹ̀-èdè títí di ọdún 2015 tí wọ́n gbé Eircode jáde, tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, iṣẹ́ tó sì tọ́ sí àwọn atúnṣe gan-an ni, torí kọ̀ǹpútà lè yí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Níbi tí mo ti máa pẹ́ díẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí àdírẹ́sì ń gbà wọlé sọ́dọ̀ yín, torí ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ náwó sí. Ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ń gba ìwífún sílẹ̀ fún wákàtí kan. Oníbàárà ń sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà lórí fóònù, àwọn mìíràn ń dúró lórí ìlà, fọ́ọ̀mù orí kọ̀ǹpútà sì kọ̀ láti tẹ̀ síwájú bí ààyè kóòdù bá ṣófo. Kí lẹ rò pé òṣìṣẹ́ náà máa ṣe? Á tẹ 00000, tàbí 99999, á sì kọjá. Kì í ṣe pé ó fẹ́ purọ́; fọ́ọ̀mù ló fipá mú un. Ẹ wá gbogbo kóòdù tó jẹ́ nọ́ńbà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nínú dátábéèsì yín, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Ààyè tí ènìyàn kò lè kún ní òótọ́, ẹ jẹ́ kó lè fi í sílẹ̀. Òfìfo tí ẹ rí dára ju irọ́ tó jọ òótọ́ lọ, torí ẹ lè padà wá kún òfìfo.

Ẹ tún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fáìlì bá ń rin ìrìn àjò láti ẹ̀ka kan sí òmíràn. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, òdo ló bẹ̀rẹ̀ kóòdù wọn. Òṣìṣẹ́ kan ṣí fáìlì nínú Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, láti wo nǹkan kékeré kan. Excel rí 02139, ó rò pé nọ́ńbà ìṣirò ni, ó gé òdo iwájú sọnù, ó di 2139. Òṣìṣẹ́ tẹ bọ́tìnnì ìfipamọ́, ó pa á dé, ó sì dá fáìlì náà padà sínú dátábéèsì. Gbogbo oníbàárà tó wà ní ìpínlẹ̀ yẹn ló bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ẹni tó kọ ohunkóhun. Orúkọ tó ní àmì lórí náà ń rí irú rẹ̀: Müller á wọlé, MÃ¼ller á jáde, nítorí pé ètò kọ̀ǹpútà méjì kò ka álífábẹ́ẹ̀tì bákan náà. Ẹ pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ ni kóòdù ìfìwéránṣẹ́, kì í ṣe nọ́ńbà, kí ẹ sì fòfin de dídá fáìlì tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣí padà sínú dátábéèsì láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àṣẹ méjì yìí kò ná yín ní nǹkan kan.

Ibì kan ṣì kù tí àwọn ènìyàn kì í wò: ìlà kejì àdírẹ́sì. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń kọ ohun tí wọn kò rí ibi kọ sí. 'Ẹ pè é kí ẹ tó lọ.' 'Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò.' Mo ti rí àpòòwé tí wọ́n tẹ 'ẹ má fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i mọ́' sí lábẹ́ orúkọ oníbàárà, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́. Ẹ fún wọn ní ààyè tí wọ́n á máa kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, kí ìlà kejì lè sinmi.

Ó kan ìmọ̀ràn kejì tí ọ̀gá yín mú wá, pé ká kọ̀wé sí gbogbo ènìyàn. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ dára ni lẹ́tà náà máa dé ọwọ́ rẹ̀, kò sì ní ohun tuntun tó fẹ́ sọ fún yín. Ẹni tí ẹ ń wá gan-an, kò ní rí i. Ìwúlò tó ní ni pé àwọn tó bá padà á fi ibi tó bàjẹ́ hàn yín, owó ńlá sì ni ẹ fẹ́ ná láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ímeèlì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ fẹ́ fi ṣe é, ó sàn jù, torí ènìyàn lè kó kúrò nílé kó má pààrọ̀ ímeèlì. Àmọ́ àwọn gbájúẹ̀ ti ba ọ̀nà yẹn jẹ́. 'Ẹ tẹ ibí láti tún ìwífún yín ṣe' ni wọ́n fi ń mú ènìyàn, oníbàárà tó gbọ́n kò ní tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá máa kọ ọ́, ẹ má fi ìlínkì kankan sí i. Ẹ ní kí wọ́n wọ àkántì wọn lọ́nà tí wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé owó wọn.

Èyí tí èmi máa ń fara mọ́ jù ni pé kí ẹ bi oníbàárà nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá ti wá bá yín. Ó pè láti béèrè nǹkan, ó wá sanwó, ó wá fẹjọ́ sùn, ó ra nǹkan tuntun: ẹ ti mọ̀ pé òun ni, ẹ ti jọ ń sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan sí i kò ní dà á láàmú. Ọ̀nà tí ẹ gbà béèrè ló ṣe kókó. Ẹ má ka àdírẹ́sì sí i létí kí ẹ wá ní 'ṣé ibẹ̀ náà ni?' Ẹni tó ń kánjú á ní 'bẹ́ẹ̀ ni' kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Bí ẹni tó pè bá sì jẹ́ ẹlòmíràn tó ń díbọ́n, ẹ ti fi ilé oníbàárà hàn án. Ẹ ní: 'Ẹ jọ̀wọ́, àdírẹ́sì wo lẹ fẹ́ ká máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí?' kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bó bá sọ ọ́ lọ́nà tó bá tiyín mu, ẹ kọ ọjọ́ òní sí i pé ó jẹ́rìí sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbàgbé ìgbésẹ̀ yìí torí kò sí ohun tó yí padà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tuntun yẹn wúlò tó àdírẹ́sì tuntun.

Ìdí nìyí: àdírẹ́sì tí kò ní ọjọ́ àti orísun lára, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣèdájọ́ rẹ̀. Ibí yìí ni ìbéèrè yín kejì wà. Bí ẹ̀ka méjì bá ní àdírẹ́sì méjì, ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà á gbà èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn. Àṣìṣe ni. Ọjọ́ tí ẹnì kan fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí oníbàárà sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kó fáìlì ọdún márùn-ún sẹ́yìn wọlé lónìí, ọjọ́ òní ni gbogbo rẹ̀ máa gbé, á sì borí ohun tí oníbàárà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi máa ń kọ́kọ́ gba ohun tí oníbàárà sọ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ ti dá a mọ̀. Tẹ̀ lé e ni ibi tí ẹ gbé ọjà dé tẹ́nì kan sì buwọ́ lù ú. Tẹ̀ lé e ni ohun tí ilé ìfìwéránṣẹ́ sọ. Àkójọ tí ẹ rà lọ́wọ́ oníṣòwò ló máa gbẹ̀yìn, kódà bó jẹ́ òun ló tuntun jù. Èyíkéyìí tí ẹ bá sì gbà, ẹ má pa èyí tó kù rẹ́. Ẹ tì í sẹ́yìn pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, torí àdírẹ́sì àtijọ́ ni ẹ fi ń wá ènìyàn nínú àkójọ àwọn tó kó lọ.

Kí ẹ tó dájọ́ rárá, ẹ bi ara yín bóyá àwọn méjèèjì kò tọ̀nà. Ẹ̀ka tó ń gbé ọjà mọ ibi tí ọjà ń lọ. Ẹ̀ka owó mọ ibi tí ìwé owó ń lọ. Ènìyàn kan lè ní méjèèjì, kó tún ní àpótí lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí ẹ bá fi ọ̀kan bo ìkejì mọ́lẹ̀, ẹ ti ba ohun tó dára jẹ́. Ẹ kọ ọ́ sí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan pé kí ni wọ́n ń lò ó fún. Èyí tó gba ìṣọ́ra jù ni àkántì tí tọkọtaya jọ ní. Ọ̀kan lè kó jáde kí ìkejì dúró. Fọ́ọ̀mù ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà gan-an ya ẹni tó dá kó lọ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdílé tó kó lọ lápapọ̀. Bí ètò yín bá pààrọ̀ ti àwọn méjèèjì nítorí ẹnì kan, ìwé ìkọ̀kọ̀ ẹnì kan máa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ kó rí i mọ́.

Àwọn olè náà fẹ́ràn ìyípadà àdírẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ gba káàdì tàbí ọjà olówó ńlá lórúkọ ẹlòmíràn, àdírẹ́sì ló máa ń kọ́kọ́ yí. Nítorí ìyẹn ni ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣe máa ń kọ lẹ́tà sí ilé àtijọ́ pé 'a gbọ́ pé ẹ ti kó lọ'. Kí ẹ̀yin náà fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ibi méjèèjì, kí ẹ sì dá ohun tó níye lórí dúró fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyípadà. Á bí olóòótọ́ tó kó lọ nínú díẹ̀. Ẹ fara da ìbínú rẹ̀.

Ní ti lẹ́tà tó ti padà sọ́dọ̀ yín, mo nírètí pé ẹ kò tíì dà wọ́n nù. Ìdí tí ilé ìfìwéránṣẹ́ kọ sí ara rẹ̀ yàtọ̀ síra. 'Ó ti kó lọ' ń rán yín láti wá ènìyàn. 'Kò sí irú ojúlé bẹ́ẹ̀' ń sọ pé ẹ ṣì í tẹ̀, ẹ lọ wo fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́. 'Kò wá gbà á' lè jẹ́ pé ó wà nílé, kò kàn fẹ́ lẹ́tà yín ni. Ẹ kọ ìdí náà àti ọjọ́ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀, kí ẹ dá lẹ́tà tó ní ọ̀rọ̀ owó tàbí ìlera dúró lójú ẹsẹ̀ fún àwọn tó kó lọ, kí ẹ sì fi fóònù tàbí ímeèlì wá wọn. Ẹ máa tẹ nọ́ńbà oníbàárà síbi tó hàn lára àpòòwé, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí èyí tó padà má baà máa fi orúkọ wá ènìyàn láàárín orúkọ tó jọra.

Kò sí bí ẹ ṣe máa ṣe é tí gbogbo rẹ̀ á fi péye. Òfin ìdáàbòbò ìwífún Yúróòpù, GDPR, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Karùn-ún ọdún 2018, sọ nínú abala 5 pé kí ìwífún péye, kí wọ́n sì máa tún un ṣe níbi tó bá ti pọn dandan. Abala kan náà ló ní kí ẹ má tọ́jú rẹ̀ ju ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ lọ. Oníbàárà tó ti parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú yín tipẹ́, kí lẹ ń wá àdírẹ́sì rẹ̀ tuntun fún? Bí òfin bá gbà, ẹ yọ ọ́. Iṣẹ́ tó kù fún yín á dín kù gan-an, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan.

Ní ti ọ̀gá yín, ẹ sọ fún un pé ẹ kò mú ọ̀kankan nínú méjèèjì báyìí. Ẹ kọ́kọ́ gba oṣù mẹ́ta láti tún fọ́ọ̀mù ṣe, láti fi ààyè ọjọ́ àti orísun kún àkọsílẹ̀, kí ẹ sì ka iye lẹ́tà tó ń padà ní ìbámu pẹ̀lú ẹ̀ka tó gba àdírẹ́sì náà wọlé, torí ẹ ó rí i pé wọn kò bàjẹ́ déédéé. Ẹ̀ka kan tàbí méjì ló máa ń kó ìdọ̀tí wọlé jù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe àwọn atúnṣe. Ẹ má san owó fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bíi ti tẹ́lẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ní kí àwọn tó ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́ ní owó ẹ̀dínwó ti fi àdírẹ́sì wé àkójọ àwọn tó kó lọ láàárín ọjọ́ 95 ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá tiẹ̀ sí lábẹ́ òfin wọn, ìwọ̀n tó dára nìyẹn láti fi dúnàádúrà: ìyẹ̀wò kékeré ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, dípò ńlá kan lọ́dún méjì. Kí àdéhùn náà sì sọ ọ́ kedere pé wọ́n á dá ohun tí wọ́n yí padà àti orísun rẹ̀ padà fún yín, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè kọ̀ èyí tí oníbàárà ti sọ òdìkejì rẹ̀ fún yín.